Ẹni Tó Jókòó Sídìí Kọ̀ǹpútà Mi ní Ìbà

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀. N kò sùn, n kò sì mutí. Imú ara mi ni mo fi gbóòórùn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì ṣì ń rí mi lára.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà ní Ìyànà-Ìbà, ilé mi wà nínú Ìbà. Ilé ni kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń ṣe pósítà wà. Mo máa ń tàn án sílẹ̀ láàárọ̀, kí n lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń tajà ní Àjàǹgbádì dúró tì mí. Pósítà òkú ìyá rẹ̀ ló wá gbà, ọjọ́ kejì sì ni ìsìnkú. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi, fóònù ti pa gbogbo ìhunjọ ojú rẹ́, ojú màmá ń dán bí ẹyin.

Mo wọ kọ̀ǹpútà ilé. Ó ń fà bí ìgbín, ni mo bá dín rẹsolúṣọ̀n rẹ̀ kù, kí àwòrán má mọ́ jù, kó lè yára. Ó padà sókè fúnra rẹ̀. Mo tún dín in kù. Ó tún padà. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, títí ó fi ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá nìkan.

Ni ìlà bá ń yọ níbẹ̀. Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ó ń wọ́ bíi pé ọwọ́ ẹni tó ń fà á ń gbọ̀n.

“Pélé màámi nìyẹn,” obìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Bọ̀dá, ta ló wà nílé yín?”

“Kò sẹ́nì kankan. Ìyàwó mi ò sí nílé, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.”

Mo fẹ́ pa ìlà náà rẹ́, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í lẹ̀. Èmi ni mo fi filter fóònù pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará church wa rí ìlà. Ẹ print ẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbà á, ó ń sunkún lọ. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé lọ.

Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti pàdé mi: oògùn tí wọ́n ń fi sára òkú, àti ẹran tó ti rà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé mọ́ọ̀sì kí n tó wò ó dáadáa. Háà! Ó tutù, ó ń yọ̀. Nǹkan funfun kan tó ki bí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, awọ ìka wà nínú rẹ̀. Mo bì síbẹ̀, mo bì dé ẹnu ọ̀nà. N kò rí ẹ̀gbin tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, kó wá bá mi fọ tábìlì.

Mo ju mọ́ọ̀sì náà nù, mo ra òmíràn. Wọ́n sin màmá. Mo rò pé ó parí.

Lánàá, ní ọ̀sán, mo tún wọ kọ̀ǹpútà náà láti ṣọ́ọ̀bù. Mo dín rẹsolúṣọ̀n kù, ó padà sókè. Fọ́tò ìyàwó mi ló ṣí, ó sì ń tóbi bọ̀ níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi sì wà nílé, ó ń sùn nínú yàrá tí kọ̀ǹpútà náà wà.

Mo pè é pé kó sá jáde. Ó sá jáde. Ṣùgbọ́n ó ní láti àárọ̀ ni nǹkan tútù kan ti ń ra òun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pósítà òkú, mo bẹ̀ yín, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó jáde nílé.