Pátákó Tí Ìyá Mi Kọ́kọ́ Gùn

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan ọdún tí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló máa ń jókòó sídìí fèrèsé nílé wa ní Festac, tí á máa rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, èmi á sì máa rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì padà sí pálọ̀. Bó bá sú u, á bi mí bóyá èèrà ló wà nídìí mi. Èèrà kọ́, ara mi ló kọ̀ tí kò gbélé. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mo sì gbà nígbà náà pé kò sẹ́ni tí ayé há mọ́ tó èmi.

Ìgbà yẹn ni mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lójú títì tó dákẹ́ lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n dúró lórí pátákó gígùn onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní lọ́ngíbọ́ọ̀dù, wọ́n ń yọ̀ lọ bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé. Látọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Àmọ́ ọ̀kadà ló gbé bàbá mi ṣubú lọ́nà Agboju tó fi kú, ìyá mi sì ti sọ ọ́ kedere pé ohunkóhun tó bá ń fi táyà rìn, tí kò ní ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo bínú, mo kọ oúnjẹ lọ́sàn-án, mo sì lọ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun á tẹ̀lé mi lọ sí ọjà Trade Fair, kí òun lè fojú ara òun rí ohun tí òun fẹ́ kọ̀.

Bọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ń ta pátákó tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onípáàtì mọ́tò. Kékeré kan báyìí ló wọ̀ mí lójú: ìdí rẹ̀ ká sókè, wọ́n ya iná pupa sí i lábẹ́. Bọ̀dá yẹn ní ti àwọn tó ń fi pátákó fò sókè dárà ni, pé táyà rẹ̀ kéré, ó sì le, òkúta wẹ́wẹ́ kan lè dá a dúró lójijì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì máa bá ìrìnàjò tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nílò èyí tó gùn, tó fẹ̀, tó sún mọ́ ilẹ̀, tí táyà rẹ̀ tóbi tó sì rọ̀, nítorí irú títì tí a ní. Ó nawọ́ sí ràgàjì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yọ ṣùtì sí i. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, iná pupa ló sì wù mí.

Ìyá mi bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé oníná yẹn wá. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

“Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́,” ló wí, “mi ò fún ọ ní ògì gbígbóná rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Ẹsẹ̀ kan péré ló gbé lé e tí pátákó náà fi yọ̀ lọ, Bọ̀dá yẹn ló gbá ìyá mi mú. Ó wo iná abẹ́ rẹ̀, ó wò mí. Ìgbà náà ló gun ràgàjì, pátákó yẹn sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Ó di èjìká mi mú, mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn onípáàtì ń rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi sọ pé, “Màmá, ó ti tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Má tíì dá mi dúró,” ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Mo wojú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, mi ò sì tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo fà á dé ìpẹ̀kun ìlà ṣọ́ọ̀bù náà, mo tún fà á padà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní èyí lòun fọwọ́ sí, kí n sì lọ wá akoto.

Bí pátákó ṣe wọlé wa nìyẹn. Mo ṣubú lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń kọ́ nǹkan ṣubú. Àmọ́ kí oṣù náà tó parí, ìyá mi da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé báàgì, ó ní òun ń lọ ra ọjà ní Bàdágìrì bí òun ti máa ń ṣe kí bàbá mi tó kú. Ó ti gba ọ̀nà Agboju tí bàbá mi kú sí lọ kí n tó dìde. Èmi tí ara mi kì í gbélé, mo gbélé lọ́jọ́ náà. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fọwọ́ kàn án. Orí àga ìyá mi ni mo jókòó sí, mo ń wo títì títí ó fi dé.

Mo ti ní ilé tèmi ní Amuwo báyìí, mo sì ti gun pátákó tó dáa ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọgbọ́n ni mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tí mo jókòó sórí àga ìyá mi yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá mi ò tíì jáwọ́ nínú ìrìn Bàdágìrì. Mi ò sì ní kó jáwọ́, àmọ́ bó bá ti jáde, mi ò lè gun nǹkan kan títí yóò fi pè mí pé òun ti délé.