Ẹ̀wù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nígbà Tí Ẹni Tó Ni Ín Wà Ní Ọsibítù

Wákàtí mẹ́jọ. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-iṣẹ́ náà ṣe wí, wákàtí mẹ́jọ gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ru ẹrù ní jẹ́tì wọn létí omi ní Àpápá lẹ́yìn tí egungun ojúgun rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, tó ni ẹsẹ̀, kò fẹ́. Mo ń sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìdì irin kan yọ̀ kúrò nínú okùn kírénì, ó sì já lé e lẹ́sẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e, wọ́n kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀: ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kankan kò lè wọlé láìwọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ jẹ́tì yóò rò pé ìkà ni wọ́n. Ìfẹ́ ni. Níbẹ̀, bí ọkùnrin kan bá ṣubú, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bá a ṣubú nìyẹn, àfi bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní òfin tiwọn, tí kò sí nínú ìwé kankan: nọ́ńbà kì í sùn. Ẹlòmíràn á gbé ẹ̀wù náà wọ̀, á parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, á sì mú owó rẹ̀ lọ fún ìyàwó ẹni tó fara pa.

Ẹni tó gbé e wọ̀ lọ́jọ́ náà ni aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, bàbá àwọn ìbejì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ó ti ṣiṣẹ́ òru tirẹ̀ mọ́jú, ó sì ń sùn lábẹ́ tírélà kan nínú ọgbà náà kó tó máa lọ sílé. Wọ́n jí i. Kò bèèrè ohun kan. Ó wọ ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù ní ìṣẹ́tí rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ń jáde, akọ̀wé ẹnu géètì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ènìyàn ni akọ̀wé yẹn ń wò. Kò sí ẹni tó gbà á síṣẹ́ láti wo ojú. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, kò kọ nǹkan kan, nítorí kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo kàwé jù nínú ilé wa, nítorí náà èmi ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú lé lọ́wọ́. Obìnrin tó gba ìwé wa ní ọ́fíìsì ìjọba fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Ẹ lọ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kún apá tiwọn wá. Láìsí ìyẹn, ìtàn la máa kà á sí." Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Èsì wọn ni pé kò sí ẹni tó fara pa lọ́jọ́ náà. Pé nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní aago méje, ó jáde ní aago mẹ́fà, kò sì ráhùn. Mo gbé èsì náà sí ẹ̀gbẹ́ káàdì ọsibítù, níbi tí nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n sì gbé e dé ní aago mọ́kànlá. Ibẹ̀ ni mo ti rí wákàtí mẹ́jọ yẹn.

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi àti bàbá ìbejì nínú yàrá wa. Bàbá ìbejì rẹ́rìn-ín.

"Ó yẹ kí wọ́n fún ẹ ní àwọ́ọ̀dù," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹsẹ̀ kan lo fi ru irin, o ò tiẹ̀ tọrọ omi."

"Ìwọ lo ru ú," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì láti orí ẹní, "o sì ń tòògbé. Wọ́n ròyìn ẹ fún mi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an."

Ẹ̀rín tán. "Kọ kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Pé òun ló wọ ẹ̀wù mi? Tí wọ́n bá lé e ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa bọ́ ìbejì? Ya ìwé yẹn."

N kò ya á. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀dà káàdì náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, mo sì bi wọ́n bí ẹni tó wà lórí ibùsùn ọsibítù ṣe tún wà ní jẹ́tì. Mo rò pé ìbéèrè tó gún régé yóò tì wọ́n mọ́ igun ògiri. Èmi gan-an ni mo là wọ́n lójú. Èsì kejì ní a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi kò wá síṣẹ́ rárá. Ó yá ẹnìkan ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì lọ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó wù ú. Ọgbọ́n wọn tó láti mọ̀ pé ẹlòmíràn ló wọ ẹ̀wù náà. Kò tó láti béèrè ìdí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, bàbá ìbejì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú káfútáànì funfun.

"Àbúrò, dìde. Ká lọ sí kóòtù, mo fẹ́ búra."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó. Ìyàwó mi náà rò ó, ó sì ní òpè ni mí. Jẹ́ ká lọ kí n tó gbà fún un."

Ó búra pé òun wà níbẹ̀, pé òun rí irin náà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, pé òun wọ ẹ̀wù rẹ̀, àti ìdí tí òun fi wọ̀ ọ́. Mo fi ìwé ìbúra náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gba nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní géètì. Wọ́n ní oníjìbìtì ni. Báyìí, ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà ní èbúté Tin Can, ó ń retí ẹni tó ní ẹrù láti já. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti jinná, ó jinná ní wíwọ́, kò sì lè ru ẹrù mọ́. Òun àti èmi kò tíì sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá láti ìgbà náà. Apá agbanisíṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù wa ṣófo títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ mọ ara yín. Ẹ kún un. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní jẹ́tì yín ni irin ti já lé e, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ pe bàbá ìbejì padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ jìbìtì rẹ́ kúrò lára orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tí ẹ ti sọ ọ́ fún. Ìwé ìbúra rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á.