Ìbéèrè Keje Tí Raqeebah Kọ

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́, torí ìdùnnú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi! Ará ilé wa ni Raqeebah, tísà sáyẹ́ǹsì tó ń kọ́ Fọ́ọ̀mù Tú ní ilé-ìwé kan ní Sabon Zongo, nílùú Accra. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, ló ń ṣe ògì tí gbogbo àdúgbò fi ń se kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, láàárọ̀. Bí ẹ bá bá Raqeebah jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ ó mọ ìdí tí yìnyín fi ń léfòó lórí omi, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sì bi í.

Ọdún yìí ni ilé-ìwé mẹ́jọ ní àgbègbè wa pinnu pé ìdánwò sáyẹ́ǹsì kan náà ni gbogbo Fọ́ọ̀mù Tú máa ṣe, lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́lẹ̀, kálukú ń ṣe tirẹ̀. Tísà kan á béèrè ohun tó rọrùn bí ẹ̀kọ mímu, òmíràn á béèrè ohun tí òun alára ò mọ̀. Ní báyìí, tísà kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan wá, pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n á fi máàkì rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí ìwé, kò sí orúkọ, kò sì sẹ́ni tó máa máàkì ìwé ọmọ tirẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Mutala, ọ̀gá ilé-ìwé wọn, ti pe Raqeebah sí kọ̀rọ̀. "Madam, bí àwọn ọmọ yìí ò bá gba ìdajì, ẹlòmíràn ló máa gba Fọ́ọ̀mù Tú ní táàmù tó ń bọ̀."

Kíláàsì tó fẹ́ràn jù láyé!

Ìbéèrè tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìkeje, máàkì mẹ́wàá nínú àádọ́ta: "Ìyẹ̀fun àgbàdo dà pọ̀ mọ́ omi nínú ike. Báwo ni ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀?" Nínú kíláàsì, ike ògì ìyá rẹ̀ ló gbé wá fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ kọ ìdáhùn fún àwọn tísà yòókù, ojú tì í. Ó rò pé wọ́n á ní, "Àwọn Alátà tún gbé ògì dé!" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó wá kọ ohun tó wà nínú ìwé: kí wọ́n fi pépà asẹ́ sẹ́ ẹ. Ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tísà pàdé ní ilé-ìwé tó wà ní Kokomlemle láti máàkì. Kwabena, tísà ibẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ei! Ẹ wá wo àwọn ọmọ yìí o! A ní kí wọ́n ṣe sáyẹ́ǹsì, kókó ni wọ́n ń sè! 'Ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ wá rọra da omi orí rẹ̀ nù.' Ọmọ mọ́kànlélógójì! Òdo, òdo, òdo!"

Raqeebah dá ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ wọn mọ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ni! Ìdáhùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló fẹ́ pa wọ́n. Bó bá dákẹ́, kíláàsì ti lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Ó dìde. "Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn tí mo kọ sí i ò pé. Ojú ló tì mí."

Madam Zuweira, tó ń darí ìpàdé, gbójú sókè. "Ọmọ ta ni àwọn tó wà lọ́wọ́ Kwabena?"

"Ọmọ mi ni, Mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Kwabena pàtẹ́wọ́. "Tísà, ẹ̀yin náà fẹ́ se kókó tiyín!"

Afua, tísà tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wá nawọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì. Ìwé ilé-ìwé mìíràn ló wà níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mẹ́fà níbí kọ ohun kan náà. Mo ti fún wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ìdáhùn kan náà, òdo lórí tábìlì yìí, mẹ́wàá lórí tábìlì yẹn! Ká ní kálukú jókòó sílé rẹ̀ máàkì ni, ta ni ì bá mọ̀?

"Ẹ má tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́," ni Raqeebah wí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Wọ́n ra ògì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pò ó mọ́ omi nínú ife méjì. Kwabena fúnra rẹ̀ da ọ̀kan sínú pépà asẹ́. Wọ́n gbé ìkejì sójú fèrèsé, wọ́n sì lọ jẹ wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Nígbà tí wọ́n dé, ògì inú ife kejì ti jókòó jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀, omidùn tòrò lókè. Pépà Kwabena ńkọ́? Ó ti dí pa! Ẹ̀kán omi mélòó kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi," ni Kwabena wí, "pépà mi ti yó."

Ẹ̀rín ta! Madam Zuweira mú bírò, ó fi ìdáhùn kejì kún ti àkọ́kọ́, ó sì ní kí wọ́n tún ìbéèrè keje máàkì fún ilé-ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Fọ́ọ̀mù Tú Raqeebah fò kọjá ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ ni kíláàsì wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó sáré délé, ó ka ìdáhùn tuntun náà sí ìyá rẹ̀ létí.

"Rakí, ògì tí mo fi tọ́ ẹ ló wá ń tì ẹ́ lójú?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"N ò bínú. Àmọ́ o ò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí èérí kúrò." Àgbékẹ́ náà wá máàkì: "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."