Ẹni Tó Ń Ki Ìbọn Lọ́wọ́

Bàbá ti ọ̀pá irin bọ ẹnu ìbọn Dádì mi, wọ́n wò ó, wọ́n fà á yọ, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Ọ̀pá náà yọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá kò pariwo. Wọ́n gba ìbọn náà jẹ́jẹ́, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri tí ẹnì kankan kò sí nítòsí rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá, ará ilé wa ní Siluko Road, wọ́n sì ti ṣọdẹ rí nílé kí wọ́n tó wá sí Benin. Ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná ló máa ń jí mi láàárọ̀, òórùn èédú á ti kún yàrá wa. Télọ̀ ni Dádì. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n ra ìbọn ṣakabùlà, ó ń wù wọ́n láti bá àwọn ọdẹ lọ pa àgbọ̀nrín lójú ọ̀nà Siluko. Mọ́mì kò fẹ́ ẹ. Ọwọ́ télọ̀ tó ń bọ́ ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ń rò. Wọ́n bẹ Bàbá pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ àwọn jáde títí yóò fi mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà àkísà, lẹ́yìn náà ọta. Bàbá fi ayùn ṣe àmì sára ọ̀pá. Bí ẹrù inú ìbọn bá pé, àmì á bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Òfin wọn tó le jù ni pé ẹni tó ń ki ìbọn kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ì báà jẹ́ ẹni tó bí i.

Dádì ti da ẹ̀tù tán lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá gba ìbọn yẹn nígbà tí ìyá kan ní ìjọ wa ń bọ̀ láti ọjà Oliha, tí wọ́n sì kí Dádì. Nílùú tí a ti jẹ́ àlejò, ẹni tó bá kí wa ní Yorùbá kì í ṣe ẹni à ń fojú fò. Dádì gbé ìbọn ti ògiri, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè orúnkún tó ń dun ìyá náà. Nígbà tí ìyá yẹn lọ tán, Dádì tún da ẹ̀tù, wọ́n ki àkísà lé e. Mo rí i. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lo dà á?” ni Bàbá bi wọ́n.

Dádì ní ìkíni kò jẹ́ kí àwọn rántí.

“O kí èèyàn dáadáa. Ìbọn yìí ì bá ti fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ẹ̀rù bà mí. Dádì jókòó sílẹ̀.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ sóko ọdẹ, Dádì ń ki ìbọn nígbà tí Bàbá jáde. Àgbàlagbà yẹn ló kọ́kọ́ kí Dádì, wọ́n béèrè bí Dádì ṣe sùn, wọ́n tún fi oríkì kún un. Dádì kò gbójú sókè. Òógùn bo iwájú orí wọn. Ìtìjú mú Mọ́mì. Mo sọ fún Dádì ní Píjìn pé kí wọ́n dáhùn, Bàbá fi ojú bá mi wí. Dádì ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọ́n wo àmì, wọ́n gbé ìbọn kọ́, kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí Bàbá.

“Máa lọ,” ni Bàbá wí.

Dádì kò rí àgbọ̀nrín pa. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n gbé wálé, Mọ́mì sì kà wọ́n lójú gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Bí mo bá ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ẹni yòówù kó kí mi, n kì í dáhùn. Àwọn èèyàn ní n kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ó sì máa ń dùn mí. Bí mo bá ṣe tán, màá kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn mìíràn kì í dúró gbà á.