Ìwé Tí Gbogbo Wọn Tọ́ka Sí, Tí Wọn Ò Kà

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń ṣe alákòóso yàrá àpilẹ̀kọ ní ilé ìkàwé yunifásítì wa, mo sì lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé iṣẹ́ náà máa ń bí èèyàn nínú. Gbogbo àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi gboyè, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá, mo sì máa ń ṣí wọn wò láàárọ̀ bí mo ṣe ń mu kọfí. Ohun tí mo rí ni pé bí o bá ti ka orí kejì ọ̀kan ṣoṣo nínú ti ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, ìyẹn orí tí wọ́n ti ń sọ ohun tí àwọn aṣaájú ti kọ, o ti ka ti gbogbo wọn.

Fáìlì kan ló fà á. Lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Myeong, tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sọ́nà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde máa ń fa orí kejì tó ti wà ní kíkọ lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń pín ogún, tòun ti orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ọdún tí wọ́n kọ̀wé. Ẹni tó gbà á á yí gbólóhùn po díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àdàkọ má baà mú un, á fi iṣẹ́ tuntun méjì mẹ́ta kún un, ó parí. Òfin ní kí ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ ẹnìkan nínú ìwé ẹlòmíràn sọ pé ibẹ̀ lòun ti rí i. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní kò wá ìwé náà kàn. Gbogbo wọn wá ń ṣe bí ẹni pé àwọn kà á fúnra àwọn.

Àárín wọn ni Pyo Geum-ran já sí. Nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Samcheonpo létí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá kàwé, pẹ̀lú bàtà funfun tó fi ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Myeong ni Byeon Sang-hui. Ọdún mọ́kànlá ni Geum-ran fi ju ọmọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n torí pé ó wọlé ṣáájú rẹ̀, “ẹ̀gbọ́n” ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ kékeré tó bá nílé ọkọ ní bùọ̀dá. Ìyẹn ò dùn ún. Òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kí mi kó tó béèrè ìwé, ó sì máa ń fi ọ̀rá di ẹja jwichi gbígbẹ wá fún mi.

Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń la ẹja ní Samcheonpo ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Nínú fáìlì tí Byeon fún un, wọ́n kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì kan, Na Sun-deok, ṣèwádìí ní ọdún 1987 láàárín àwọn obìnrin tó ń bó awọ jwichi níbẹ̀, ó sì rí i pé ọrùn ọwọ́ ń dun méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Mo kà á lẹ́yìn náà: àpilẹ̀kọ mẹ́rìndínlógún ló gbé iye yẹn láti ọdún 1994. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ ni Myeong fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Geum-ran wá yẹ ogóje obìnrin wò, ó rí i pé tòní jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Inú Myeong dùn dé gongo. Ó ní ìrora ti di ìlọ́po mẹ́ta, pé ìwé ìròyìn á gbé e.

Ìyá Geum-ran ló da omi tútù sí i. Ọdún méjìlélógún ni ìyá náà fi bó ẹja lábẹ́ àtíbàbà kan ní Samcheonpo. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un nídìí oúnjẹ alẹ́, ṣe ló gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Méjìdínlógún péré? Àwọn tó kù, ṣé igi ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ tiwọn ni? Àwa méjìlá la jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Kò sẹ́ni tó lè fún aṣọ gbẹ nínú wa, àwọn ọkọ wa ló ń bá wa fún un. Mo rántí nọ́ọ̀sì yẹn dáadáa. Ó jókòó tì wá, ó bá wa jẹun, ó ń kọ gbogbo ohun tá a sọ. Ohun tó kọ kọ́ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, Geum-ran dúró níwájú tábìlì mi, ó ní òun fẹ́ ka ìwé Na Sun-deok. Ẹ̀rín pa mí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń tọ́ka sí ìwé náà, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Mo wá a nínú ilé ìkàwé wa, mi ò rí i. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé mọ́kàndínlógún. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún mi: àwọn ò ní ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn ní àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí i, ṣé kí àwọn fi ránṣẹ́? Nígbà tó di ẹ̀kẹtàlá, mo fẹ́ da kọfí sórí kọ̀ǹpútà.

Byeon wá bá a níbi tó jókòó sí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, wàhálà ni ò fẹ́.

“Nọ́ọ̀sì Pyo, kí lẹ ń wá gan-an? Iye yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí ìwé náà rí?”

“Ta ló rí i? Ẹ kọ ohun tí gbogbo wa kọ, kẹ́ ẹ gboyè, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.”

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni sísítà ìjọ Kátólíìkì kan tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́ pé mò ń wá ìwé náà, ó sì pè mí. Ilé ìwòsàn wọn tó tẹ ìwé náà jáde ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ó bá ìwé náà nínú páálí kan. Ó fi ránṣẹ́, ó ní ká máa lò ó. Ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀. Èmi àti Geum-ran jọ ṣí i lórí tábìlì mi. Ní ojú ewé kọkànlélógún, ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ìlà òkè: àwọn tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlà ìsàlẹ̀: àwọn tí ìrora náà lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, méjìdínlógún. Ẹni tó kọ́kọ́ dà á kọ ló ṣi ìlà ìsàlẹ̀ mú dípò tòkè. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e ò ṣí ìwé, ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ti ń dà á kọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá a lórí tábìlì mi lọ́jọ́ náà. Geum-ran fi ìka lé ìlà òkè.

“Mọ́kànlélọ́gọ́ta nígbà yẹn, méjìdínlọ́gọ́ta lónìí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Ọ̀gá Ha. Kò sí nǹkan kan tó yí padà.”

Ó tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀. Oṣù kẹfà ti wọlé. Ẹni tó bá máa gboyè gbọ́dọ̀ mú àpilẹ̀kọ wá fún mi kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù náà, òǹtẹ̀ pupa mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ wà lójú ewé ìfọwọ́sí. Sáà yẹn ló sì kẹ́yìn tí òfin fún Geum-ran. Bó bá kọjá, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọdún márùn-ún tó fi ń wọ bọ́ọ̀sì á di òfo. Olùyẹ̀wò méjì ti lu òǹtẹ̀. Ó ku ti Myeong.

Lọ́jọ́rú, Myeong fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti rí ìwé náà. Geum-ran wà níbẹ̀. Myeong tí mò ń wí yìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí òbí rẹ̀ kú tí kì í bá sìnkú, bó ti wù kó jìnnà tó. Ó ka ojú ewé kọkànlélógún lóòró, etí rẹ̀ sì ń pọ́n.

“Ìwé ilé ìwòsàn lásán nìyí. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́?”

“Prof, òun náà lẹ tọ́ka sí lọ́dún 1994.”

“Yọ ọ́ kúrò. Má kọ méjìdínlógún, má kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn iṣẹ́ ìsinsìnyí.”

“Tí mo bá yọ ọ́, sà, mo ti pa àwọn ìyá yẹn lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

“Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi lu òǹtẹ̀ sí i pé mi ò ka ohun tí mo tọ́ka sí dáadáa?”

“Mi ò dárúkọ yín níbẹ̀.”

“Ẹni tó bá lójú á rí i.”

Ó pa ìwé náà dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Èmi náà, kí n má purọ́, mo gba Geum-ran níyànjú pé kó yọ ọ́. Mo ní kó gboyè ná, kó wá máa sọ òtítọ́ lẹ́yìn náà. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ lẹ́tà mọ́kàndínlógún?” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, ó wọlé. Òǹtẹ̀ pupa méjì, àyè kan tó ṣófo. Ó gbé àpilẹ̀kọ náà síwájú mi, kò bẹ̀ mí. Èmi tí mo ti ń bú àwọn elékèé láti ọdún mọ́kànlélógún, èmi náà ni mo sọ fún olóòótọ́ kan ṣoṣo tí mo rí nínú wọn pé mi ò lè gba tirẹ̀. Òfin ni. Inú bí mi débi pé mi ò lè kí i pé ó dàbọ̀. Ó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ sínú báàgì, ó fi ìwé Na Sun-deok sílẹ̀, ó ní kí n bá òun fi síbi táwọn èèyàn á ti rí i, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé Byeon Sang-hui dé ọwọ́ mi. Òǹtẹ̀ rẹ̀ pé, ti Myeong ló wà lókè. Mo ṣí orí kejì. “Na (1987) rí i pé ọrùn ọwọ́ ń dun mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn.” Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ti Geum-ran ni látòkè délẹ̀: ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò sí nǹkan kan tó yí padà. Wọ́n ti tún fáìlì náà ṣe. Mo wo orúkọ àwọn tí wọ́n tọ́ka sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Pyo Geum-ran ò sí níbẹ̀. Òfin wọn gan-an tún gbè wọ́n, torí iṣẹ́ tí kò ní òǹtẹ̀ mẹ́ta, kò sí. Mo dìde lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn tó yá ìwé Na Sun-deok kà. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti Byeon.

Mo pe Geum-ran lórí fóònù. Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Mo rò ó fún un tìbínú-tìbínú, ó gbọ́ mi tán.

“Iye wo ni wọ́n kọ?”

“Mọ́kànlélọ́gọ́ta.”

“Ó dáa. Màá sọ fún màámi.”

“Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Pyo.”

“Orúkọ Na Sun-deok ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Aláìsàn ń dúró dè mí, Ọ̀gá Ha,” ló wí, ó sì gé e.

Àwa olùtọ́jú ìwé ní àyè kékeré kan lẹ́yìn páálí ìwé tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tí ìwé ti wá sí. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: Pyo Geum-ran, nọ́ọ̀sì ní Samcheonpo, ló wá ìwé yìí rí, òun ló sì kọ́kọ́ kà á. Ẹni tó bá ṣí i á rí i. Títí di òní, ẹnìkan ò tíì ṣí i.