Dígí Àlàájì Èjìdé Nínú Fíríísà Ẹlẹ́ja

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ fún Sàláúdéènì, réwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, kò ní gbé e lọ títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ó ti ṣe." Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin yẹn lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ọkùnrin yìí tún lọ búra lójú gbogbo àdúgbò pé ọjọ́ tí oníbàárà kan bá lọ láìsọ ọ́, òun á já pátákó ìsọ̀ òun, òun á fi dáná.

Àfi ìgbà tí Àlàájì Èjìdé dé, pẹ̀lú ọkọ̀ àtijọ́ tí Afeez ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Iná ń tàn, fèrè ń dún. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́, èyí tó ń mú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbóná kí yìnyín má baà bò ó. Ní Ìbàdàn o! Ìbàdàn tí ajá gan-an ń sá fún oòrùn!

"Afeez ní àràárọ̀ lòun máa ń fọwọ́ lé dígí yẹn kóun tó lọ síbi iṣẹ́," ni Àlàájì wí. "Ọdún mẹ́jọ rèé tí mi ò rí ọmọ yẹn. Èmi náà fẹ́ fọwọ́ lé e."

Sàláúdéènì tú dígí kan, ó bá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó já lẹ́yìn rẹ̀, ó fi òjé jó o pọ̀. "Àlàájì, ẹ fọwọ́ kàn án."

Àlàájì fọwọ́ kàn án. "Oòrùn nìyẹn."

Wọ́n ti ọkọ̀ sábẹ́ ibòòji.

"Ooru nìyẹn."

Sàláúdéènì ra omi dídì ọ̀rá méjì, ó so ọ̀kan mọ́ dígí tó ti tún ṣe, ó so ìkejì mọ́ èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn. Méjèèjì yọ́ pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Nojeem tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Sàláú, ṣé kí n wá bá ẹ já pátákó?"

Orí Sàláúdéènì gbóná ju dígí lọ. Ó ní kí Àlàájì wọkọ̀, ó di Ọjà'ba, níwájú ìsọ̀ Kúlúsúmù tó ń ta ẹja dídì. Ó fi wáyà gígùn so dígí mọ́ ọkọ̀, ó wá ní kí ìyá náà jọ̀ọ́ ṣí fíríísà.

"Kí ẹja mi lè wo dígí?" Kúlúsúmù figbe ta. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé orí yín pé?"

"Ẹ ṣàánú mi, Àlàájà. Pátákó mi ló fẹ́ lọ yìí."

Kúlúsúmù rojọ́ títí, ó ṣí i. Wọ́n tẹ́ dígí sáàárín ẹja, wọ́n pa ìdérí dé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, dígí ti funfun báláú, èrò ìwòran sì ti kún títì. Sàláúdéènì sáré lọ tẹ bọ́tìnì. Díẹ̀díẹ̀, yìnyín ń yọ́ láàárín dígí, ojú Àlàájì sì yọ nínú rẹ̀. Èrò hó yèè!

"Ẹja mi ń yọ́ o!" ni Kúlúsúmù ń ké.

Àlàájì ti ki ọwọ́ bọ fíríísà dé ìgúnpá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí.

"Àlàájì, ó ṣe àbí kò ṣe?" Ẹ̀bẹ̀ ni Sàláúdéènì ń bẹ̀.

"Ó gbóná." Àlàájì wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti kú. Ọdún mẹ́jọ! Inú òtútù yìí lọmọ mi wà?"

Kúlúsúmù fọwọ́ lẹ́rán, kò dárúkọ ẹja mọ́.

"Ó ti ṣe, Sàláú," ni Àlàájì wí, kò sì yọ ọwọ́. "Jọ̀ọ́, má tíì pa bọ́tìnì yẹn."