Jẹ́jẹ́ àti Ẹ̀rọ Ìfúnṣọ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tún ohun tó ń yí ṣe tán, yálà ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí fáànù, á nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, á ní, "Ẹ tàn án. Jẹ́jẹ́ ló máa yí." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Ẹ̀rọ tó ti ń jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohun tó ń dùn ún títí dòní ni pé nínú gbogbo ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn, èyí tó dákẹ́ jù lọ ló ba ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́.

Iṣẹ́ táyà ló kọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ibì kan wúwo lára rẹ̀ ju ibòmíràn lọ kì í yé gbọ̀n, òjé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń kàn mọ́ etí irin rẹ̀ kí ìwúwo náà lè dọ́gba. Jẹ́jẹ́ kì í kan òjé. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ló máa ń dà sínú táyà. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ìlẹ̀kẹ̀ á fúnra rẹ̀ wá ibi tó fúyẹ́ lọ, á sì jókòó síbẹ̀. Awakọ̀ kan tó kọ́kọ́ gbọ́ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ nínú táyà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó pariwo pé, "Jẹ́jẹ́, ọkọ̀ ni mo gbé wá o, kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀!" Ṣùgbọ́n nígbà tó wà á débi tó ń lọ tó sì padà, ó mú awakọ̀ míì dání.

Ó lẹ ìdérí ìgò mọ́ apá kan fáànù obìnrin aránṣọ tó múlé gbè é kó má bàa gbọ̀n mọ́, ṣingọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ lẹ́nu ló sì fi lẹ̀ ẹ́.

"Bùrọ̀dá Jẹ́jẹ́, itọ́ yín lẹ fẹ́ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí mi?"

"Adùn rẹ̀ ló ti tán, màdáámú. Agbára rẹ̀ ṣì kù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni Jẹ́jẹ́ ní. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọmọ kékeré ni Jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì tọ́ ọ. Aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń rún un, òun náà ló fi ń fún un, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí awọ bàtà. Ọwọ́ yẹn ló jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ rí oúnjẹ jẹ, òun ló sì rán an lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó gba yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ra ẹ̀rọ àlòkù tó ń fún omi ara aṣọ. Agbọ̀n irin tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló ń kó aṣọ sí, ọ̀pá irin kan ló gbé agbọ̀n yẹn dúró nísàlẹ̀, òun ló sì ń yí i.

Ẹ̀rọ yìí máa ń gbọ̀n. Nígbà míì á rìn láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ á sì sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má bínú, ó ń bọ̀ wá kí yín ni." Bó bá ti gbọ̀n jù, á pa á, á tún aṣọ inú rẹ̀ tò, á tún un tàn.

Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Bá mi tú u, kó o wo inú rẹ̀. Gbígbọ̀n yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ti ń ṣe ohun kan lọ́wọ́ lásìkò náà. Ó ká páìpù rọ́bọ́tọ́ bí òrùka, ó kó ọmọ irin róbótó tó yọ láti inú bẹ́rìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sí i, ó rọ ọ́ìlì lé wọn lórí, ó sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń ṣe nínú táyà ló fẹ́ kí àwọn ọmọ irin náà máa ṣe nínú òrùka. Ẹ̀rọ tó máa fi dán an wò ló ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni òrùka yẹn. Kò tú ẹ̀rọ náà. Ó de òrùka mọ́ etí agbọ̀n, ó tàn án.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń yí, àwọn ọmọ irin pariwo gììrì, ẹ̀rọ náà sì gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn náà eré rẹ̀ pọ̀ sí i, ló bá dákẹ́. Jẹ́jẹ́ bu omi sínú ife, ó gbé e lé ìdérí ẹ̀rọ. Omi náà kò mì.

"Ṣé o tú u wò?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Àǹtí mi, kí ni mo tún fẹ́ tú? Ẹ wo omi inú ife."

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o ń fi omi hàn mí."

Ṣùgbọ́n òun náà wo ife yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ni, ó gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó aṣọ kún ẹ̀rọ dé ẹnu, torí kò sí gbígbọ̀n tó máa ní kó dín in kù mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́wọ́ lé ìdérí, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ kàá, bí igi tó dá. Agbọ̀n náà já lórí ìjókòó rẹ̀, ó fọ́ ìdérí, ó sì gbá ọwọ́ náà mọ́ ògiri.

Dókítà to egungun rẹ̀, egungun sì jinná. Ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká mọ́.

Jẹ́jẹ́ tú ẹ̀rọ náà nígbà tí títú kò wúlò mọ́. Ó mú ọ̀pá tó dá, ó wo ojú ibi tó ti ya. Ìpẹtà ti bo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Etí kan péré ló ń dán. Ọ̀pá náà ti sán tipẹ́ kí òrùka tó dé orí agbọ̀n. Ohun tó ń dún nísàlẹ̀ nìyẹn. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú irin náà lọ́wọ́.

Àwọn aládùúgbò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ẹ̀rọ ọ̀hún ti gbó. Èyí ló ń dun Jẹ́jẹ́ ju èébú lọ.

"Àǹtí mi, ẹ tiẹ̀ bá mi wí."



"Mo sọ fún ọ pé ó ń dún nísàlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Gbogbo ayé ló ń sọ pé etí rẹ mú. Ẹ̀rọ lo ń gbọ́. O ò gbọ́ mi."

Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ láti ìgbà náà.

Jẹ́jẹ́ ṣì ń da ìlẹ̀kẹ̀ sí táyà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, títú ló kọ́kọ́ máa ń tú u, bí awakọ̀ ń kùn bí kò kùn. Láàárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ láti bá a fún aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ọwọ́ òsì di etí kan mú, á fi ọ̀tún tì í lẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ á sì máa lọ́ etí kejì.

Lánàá, aṣọ ìbùsùn funfun kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀.

"Wò ó, o lọ́ ọ jù! Ṣé ọrùn ẹni tó jẹ ọ́ lówó lo pè é ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ òsì pa ìka ọ̀tún.

Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó sì lọ pọn omi míì.